Ẹyin Méjìlá Lóru

Ọkùnrin tó ta àgbébọ̀ mẹ́fà fún mi ní Mọ́níyà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n máa ra oúnjẹ adìẹ tó ń yé fún wọn, bíi gíráàmù 120 fún adìẹ kan lóòjọ́, kí omi má wọ́n wọn, kí n sì fi wọ́n sílẹ̀. "Ẹ má kẹ́ wọn o, sà." Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ máa jẹ lúbúlúbú kan náà láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa òfin mọ́. Ẹyin márùn-ún lóòjọ́, nígbà mìíràn mẹ́fà. Mo wá ń rìn bí ẹni tó ní oko kòkó l'Óndó.

Ọjọ́ kan ni mo ju èérún búrẹ́dì sí wọn. Háà! Wọ́n fò, wọ́n sáré, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn mí. Èmi tí mo máa pe ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jẹ́, adìẹ mẹ́fà wá ń sáré pàdé mi! Mo gba àwo irin kan nílé ìdáná, mo ń fi ṣíbí lù ú: gban-gban-gban. Búrẹ́dì láàárọ̀, àgbàdo lọ́sàn-án, ìyókù èbà lálẹ́. Ní Sátidé, mo máa ń gbé ọkọ́ lọ wa ikán fún wọn lẹ́yìn ògiri. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ọjọ́ wo lẹ gbé ọkọ́ nítorí tèmi rí?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ tú oúnjẹ gidi dànù, tí wọ́n ń dúró de ṣíbí. Mo tilẹ̀ yìn wọ́n pé wọ́n gbọ́n. N kò rò ó pé èèpo ẹyin kan ṣoṣo ń gba bíi gíráàmù 2 kálísíọ́ọ̀mù, àti pé inú ohun tí wọ́n ń tú dànù yẹn ló wà. Ti búrẹ́dì àti àgbàdo kò tó nǹkan. Ẹyin di mẹ́ta, ó di méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ki ọwọ́ bọ ìtẹ́, ohun tí mo bá níbẹ̀ rọ̀ bí ọ̀rá omi. Kò ní èèpo rárá. Ó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, adìẹ kan sì sáré wá lá a. Ó dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, àwọn adìẹ ń ṣọ́ ìtẹ́ jù mí lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó mi ní àwọn ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Adìẹ ni Màámi fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, àwọn ni mo sì ti ń fọ́nnu fún lórí fóònù láti ìgbà yìí. Ẹlòmíì ì bá jẹ́wọ́. Èmi lọ ra ẹyin lọ́jà. Lálẹ́ ọjọ́ tí Màámi dé, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo yọ́ wọ ilé adìẹ, mo to ẹyin méjìlá sí ìtẹ́, mo tún fi koríko gbígbẹ bò wọ́n díẹ̀ kó lè dà bí òótọ́. Mo sùn dáadáa lóru náà, kí n má purọ́.

Nígbà tí mo jí, Màámi ti wà lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, abọ́ ẹyin wà níwájú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ adìẹ. Mélòó lẹ pè wọ́n?"

"Mẹ́fà ni, mà."

"Mẹ́fà." Wọ́n ka ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n sì yé méjìlá. Lóru."

Mo ní wọ́n ń jẹun dáadáa ni, mà.

Adìẹ tó bá ṣe gudugudu méje, ẹyọ kan ni yóò yé lóòjọ́, ojúmọmọ ló sì máa ń fi í ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ibi tí mo gbé ìmọ̀ náà sí nígbà tí mo ń to ẹyin ni n kò mọ̀.

Màámi kò bá mi jiyàn. Wọ́n mú ẹyin kan tí bébà lẹ̀ mọ́ lára, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Èyí tilẹ̀ gbé kíréètì rẹ̀ wá láti inú."

Ìgbà yẹn ni ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Tóyìn nílé ìdáná, ó ba àwo irin. Gban! Adìẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba àárín èmi àti Màámi kọjá, wọ́n dorí kọ inú ilé.

"Ẹ̀hẹ́n," Màámi ní. "Orí tábìlì ni wọ́n ti ń jẹun."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màámi lò lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ adìẹ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ìkarahun ìgbín tí wọ́n gún nínú odó. Kí wọ́n tó lọ, ẹyin ti padà di márùn-ún, èèpo rẹ̀ sì le. Inú báàgì wọn ni àwo irin náà bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi ní kí n má bèèrè.