Ìyá Fọwọ́kàn-Má-Rà

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí Balógun àti Ìdúmọ̀tà kún débi tí èrò ń gbéra wọn rìn, kò sí bí ẹ ò ṣe ní í pàdé Ìyá Fọwọ́kàn-Má-Rà. Ó ń wá ẹ̀bùn Kérésì fún bàbá ọkọ. Owó inú báàgì rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ dátà kún inú fóònù rẹ̀ bámú.

Ẹ wò ó ní ìsọ̀ oníbàtà. Ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó gbóòórùn awọ. Ó rán ọmọ ìsọ̀ gun àkàbà lọ kó àwọ̀ mìíràn wá. Ìyẹn kó mẹ́ta sọ̀kalẹ̀. Ó ní àkọ́kọ́ ló dáa jù.

"Bọ̀dá, èló ni?"

"18,000 náírà, Mọ̀ǹmí. Ẹ máa ná an."

Ná kẹ̀? Ó na fóònù sí i. "16,500 ni lórí Instagram."

"Ẹ yáa lọ rà á níbẹ̀."

Ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó ya fọ́tò bàtà, ó ṣàdúà pé ọjà á tà, ó kọjá.

Láti ọdún 2012 tí Jumia àti Konga ti dé, tí wọ́n ti fi kọ́ wa pé ọjà lè délé ká tó sanwó, ni ẹnu géètì ìyá yìí ti di ìsọ̀ kejì. Ọlọ́kadà tó gbé ọjà wá á dúró nínú oòrùn. Ìyá á tú u, á pe ará ilé wá wò ó, á ní kí wọ́n gbé e padà, àwọ̀ rẹ̀ ò jọ ti fọ́tò.

Ti bàtà tó padà rà lórí Instagram yìí ṣáà dé láyọ̀. Àfi rìsíìtì tó wà nínú ọ̀rá: orúkọ ìsọ̀ Bọ̀dá ló wà lára rẹ̀! Kò yani lẹ́nu. Balógun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lórí fóònù ti ń kó o. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pe ọjà fún wọn kọ́ ni wọ́n ń san. Wọ́n ń ná an. 14,000 ló wà lórí rìsíìtì.

Ìyá pe aládùúgbò rẹ̀ wá wo èrè 1,500 tó jẹ.

"Owó ọlọ́kadà wá ńkọ́?"

"3,000. Ìyẹn kì í ṣe owó bàtà."