Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò, Ilẹ̀ Ni Kò Gba Dróònù

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kan ra. Wọn ò purọ́. Ẹyẹ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ẹyẹ kì í sì í yáwó ra ìyẹ́, kì í gba ìwé àṣẹ l'Ábújá, kì í wá ibi tó máa ti cháàjì apá nígbà tí wọ́n bá múná lọ. Àmọ́ ọmọ aráyé ti ra ẹyẹ oníbátìrì báyìí, wọ́n sì ti sọ òwe náà di láísẹ́ńsì: "Ṣebí ojú ọ̀run gbòòrò, kí ló kàn yín bí mo bá fò?" Ó gbòòrò lóòótọ́. Ilẹ̀ ni kò gbòòrò. Orí ilẹ̀ ni aṣọ́bodè dúró sí, orí ilẹ̀ ni òrùlé aládùúgbò wà, orí ilẹ̀ ni bátìrì ti ń wú, orí ilẹ̀ náà sì ni onídróònù jókòó sí lọ́jọ́ tó lọ ra ohun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn ló fẹ́ kó, á ra típà. Bó bá jẹ́ ìyàwó ló fẹ́ gbé, á wá mọ́tò tó dára. A ò tíì rí ẹni tó fi típà gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti dróònù, làákàyè á gba ìsinmi. Ohun tí olówó máa ń bi ọlọ́jà ni pé, "Èwo ló tóbi jù?" Ẹni tí kò lówó á béèrè pé, "Èwo ló jọ ti olówó?" Iṣẹ́ tí nǹkan náà máa ṣe kì í sí nínú ọ̀rọ̀ wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ayàwòrán òde àríyá bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ pé DJI, ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó wà ní Shenzhen, gbé Mavic 3 jáde ní 2021. Kámẹ́rà rẹ̀ dára, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 895 gíráàmù, wọ́n sì ní ó lè fò fún 46 ìṣẹ́jú. Ayàwòrán wa ta kámẹ́rà méjì, ó bẹ olórí àjọ kó jẹ́ kí òun kó ṣáájú, ó rà á. Ọjọ́ Sátidé pé, wọ́n ń ṣòkú ìyá àgbà nínú gbọ̀ngàn kan, ó gbé e sókè lábẹ́ páànù. GPS tó máa sọ fún dróònù pé ibi báyìí lo wà kì í sì í dára lábẹ́ òrùlé. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ń yí ní déédéé orí gèlè. Ẹni tó ń náwó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ṣa owó bẹ̀rẹ̀, onílù fi gángan bo orí. Ìbẹ̀rù ló kún inú fídíò tó jáde lọ́jọ́ náà.

Bó bá jẹ́ abẹ́ òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí, Neo tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní 2024 kò ju 135 gíráàmù lọ, wọ́n sì fi ààbò yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ká kó má baà ṣe ènìyàn léṣe. Àga onírọ́bà àti ọwọ́ tó gùn náà tún wà. Àwọn yẹn kì í já bọ́ sínú ìrẹsì. Bó bá jẹ́ òkè Olúmọ tàbí òkè Ìdànrè ló fẹ́ yà láti ojú sánmà, Mavic tọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ òde ìta gbangba ni, kó má gbé e dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà olórin, torí òòfà inú sípíkà máa ń da kọ́ńpáàsì rẹ̀ rú.

Kó má sì gba 46 ìṣẹ́jú yẹn gbọ́ tán. Níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Atẹ́gùn ọyẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n kọ 46 sára páálí, ẹni tó bá sì ń fò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ bátìrì tó máa gbé e wálé kù. Òde tí ìwé ìpè ní ó máa bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá, tí kò bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́ta fi lù, bátìrì kan ṣoṣo kò lè ká a. Kí ọlọ́jọ́ tó jó wọlé, dróònù ti sùn.

Ó kan ọmọ wa tó wà ní Houston. Ó mọ òfin dunjú, àmọ́ òfin Amẹ́ríkà ni. Níbẹ̀, FAA, àjọ tó ń mójú tó òfurufú wọn, kì í ní kí ẹni tó ń fi dróònù ṣeré forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá tó 250 gíráàmù. Ìdí nìyẹn tí àwọn Mini tí DJI ń ṣe fi ń wọn 249: gíráàmù kan péré ni wọ́n fi fo òfin dá. Ọmọ wa ra Mini 4 Pro, ó tẹ bàbá rẹ̀ láago: "Dádì, ẹ má mikàn, èyí ò gba ìwé kankan." Ó wá ra bátìrì ńlá tì í, kó lè pẹ́ lókè, bátìrì náà sì gbé e kọjá 250. Àwíjàre rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun méjì tún wà tí kò rò. Ní Amẹ́ríkà náà gan-an, ẹni tó bá fi dróònù gbowó ti kúrò nínú àwọn aṣeré. Òfin Part 107, tó bẹ̀rẹ̀ ní August 2016, ní kó ṣe ìdánwò, kó sì forúkọ dróònù sílẹ̀, bó ti wù kó fúyẹ́ tó. Èkejì ni pé òfin Houston kì í bá ẹrù wọ bàálù. Ní Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú, ti kìlọ̀ láti May 2016 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dróònù sókè láì gbàṣẹ lọ́wọ́ òun àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ọ́fíìsì yẹn ló ń fúnni ní End User Certificate, ìwé tí aṣọ́bodè máa bèèrè kó tó fi ẹrù sílẹ̀. Bàbá tó wá gba ẹrù n'Íkẹjà, kí ló fẹ́ sọ? "Ọmọ mi ní kò tó 250"? Aṣọ́bodè kò gbé òṣùwọ̀n dání. Àwọn bátìrì àfikún tí ọmọ wa dì sáàárín aṣọ nínú báàgì ńlá náà tún jẹ̀bi lọ́tọ̀, torí òfin bàálù ní ọwọ́ ni kí èrò fi gbé bátìrì lithium wọlé, nítorí iná.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò dé Houston, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti rí tirẹ̀. Wọ́n kọ "8K" gàdàgbà sára páálí, wọ́n ya ohun tó jọ Mavic sí i, iye rẹ̀ kò tó owó bàtà. Kò ní GPS, nítorí náà bí atẹ́gùn bá fẹ́ lọ sí Ṣagámù, òun náà á bá a lọ. Bọ́tìnnì tó ń pè é wálé wà lára rìmóòtù, ẹwà ló wà fún. Nínú fídíò rẹ̀, a kì í dá ìyàwó mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ ìyàwó. Síbẹ̀, nǹkan náà kò ṣẹ̀. Bí ọmọdé bá fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ lórí pápá, ó dára púpọ̀. Bó bá já, ẹnikẹ́ni ò ní sunkún. Ẹni tó fi í gba owó àsansílẹ̀ ìgbéyàwó lẹlẹ́ṣẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ńlá kò gbẹ́yìn. Àgbẹ̀ orí Instagram kan wà, éékà méjì ẹ̀gẹ́ ló ní n'Íṣẹ́yìn, dróònù Agras T40 ló sì fẹ́ rà láti fi fín oògùn. Táńkì ẹ̀rọ yìí ń gba 40 lítà, bátìrì rẹ̀ kan wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ, bí táńkì bá sì kún, kò lè pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Èyí ni pé ó nílò bátìrì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ tó máa cháàjì wọn lẹ́bàá oko, omi, ọkọ̀ akẹ́rù àtàwọn tó máa gbé wọn. Kó tó palẹ̀ mọ́, àgbẹ̀ tó gbé táńkì 16 lítà kọ́ ẹ̀yìn ti fín tirẹ̀ tán, ó ti ń gé àmàlà. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà ìrẹsì ni ẹ̀rọ náà wà fún, owó rẹ̀ á sì padà wọlé.

Oníṣòwò ilẹ̀ ní tirẹ̀ fi dróònù àfiṣeré wá ààlà. GPS irú dróònù bẹ́ẹ̀ lè ṣì ní mítà kan tàbí méjì. Lókè, mítà méjì kò já mọ́ nǹkan. N'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí, fẹ́ǹsì ẹlòmíràn ni, ẹjọ́ tí ọmọ á jogún sì ni. Àwọn dróònù tó ní RTK, bíi Mavic 3 Enterprise tí wọ́n bá fi RTK sí, ń dín àṣìṣe náà kù sí sẹ̀ǹtímítà. Bẹ́ẹ̀, dróònù kankan kì í fọwọ́ sí pláànù ilẹ̀: awọnlẹ̀ tó ní ìwé SURCON, àjọ tó ń mójú tó àwọn awọnlẹ̀, ló ń ṣe é.

Ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ti ń há. Ẹ bi àwọn tó fẹ́ ti Gatwick, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ bàálù lọ ṣọdún ní December 2018. Wọ́n ní àwọn kan rí dróònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀, wọ́n sì tì í pa. Nǹkan bí 1,000 ìrìnàjò bàálù ló dàrú, nǹkan bí 140,000 èrò ló fara gbá a, wọn ò sì rí ẹni tó ṣe é mú. Nílé, ní January 2025, ẹ̀ka òfurufú iṣẹ́ ológun Operation Hadin Kai fòfin de fífò dróònù láìgbàṣẹ ní àríwá ìlà-oòrùn, torí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń lò ó. Látìgbà náà, ayàwòrán ìgbéyàwó tí kò níwèé ti di ẹni tí ṣọ́jà máa kọ́kọ́ dá dúró, kó tó wádìí ẹni tó jẹ́.

Ṣé kò wá sẹ́ni tó mọ dróònù yàn ni? Ilé iṣẹ́ Zipline mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó lọ sílé ìwòsàn ìgbèríko ní Ruwanda ní 2016, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna ní 2022. Nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà, wọn ò wá èyí tó ń dúró lójú kan lókè bíi ti àríyá. Èyí tó napá bíi bàálù ni wọ́n ṣe, torí pé ó ń rìn jìnnà. Kì í tilẹ̀ bà nílé ìwòsàn: ó ń fi páráṣúùtù ju ẹrù sílẹ̀, ó sì ń padà síbi tó ti gbéra. Wọ́n ti ro ti ilẹ̀ kí wọ́n tó ro ti ọ̀run.

Ètò tó yẹ ká tẹ̀ lé nìyẹn. Kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ náà: eré, òde, oko tàbí ilẹ̀ wíwọ̀n. Lẹ́yìn náà, sọ ibi tó o ti máa fò, inú ilé tàbí ìta, lẹ́bàá pápákọ̀ tàbí níbi tó jìnnà sí i. Wá ìwé àṣẹ kó o tó wá owó, nítorí owó lè ra dróònù, àmọ́ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Bèèrè ẹni tó ń tún un ṣe ní Computer Village, àti iye tí abẹ̀bẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ jẹ́. Má fi bátìrì tó kún sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, má sì fi í sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, torí ó máa wú. Gbé gíga ìpadàwálé rẹ̀ kọjá òpó tẹlifóònù tó ga jù ládùúgbò, torí ọ̀nà tààrà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà bọ̀ wálé. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kó o tó wo èyí tó máa mú ọ̀rẹ́ jowú.

Bó ò bá sì lè fi gbólóhùn kan sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe, má rà á. Ẹni tó kàn nílò fídíò ọjọ́ kan, kó háyà ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bèèrè, kó tó bèèrè iye tó máa gbà.