Android ń jà, iPhone ń jà, àwọn ọ̀gá ń pín owó

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àròyé, kó yà sí Computer Village ní Ìkẹjà, kó béèrè èwo ló dáa jù nínú iPhone àti Android. Alátìlẹyìn Android á ní ó ti pẹ́ tí tòun ti ń gba síìmù méjì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá dákú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni. Ọdún 2018 ni iPhone ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé èèyàn lè ní nọ́ńbà méjì láìjẹ́ pé ó ní ìyàwó méjì.

Oní-iPhone á fèsì pé bí Apple bá gbé àtúnṣe jáde, ọjọ́ kan náà ló ń kan gbogbo fóònù tó bá lè gbà á. Ti Android ńkọ́? Google á ṣe é tán, ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù á tún un tò, ó wá di owó ìfẹ̀yìntì: orúkọ ẹni wà níwèé, ọjọ́ tó máa dé ni kò yéni.

Ti ṣájà ló pani lẹ́rìn-ín jù. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló fipá mú Apple kó tó fi ihò USB-C sára iPhone 15 ní 2023. Ní báyìí, bí wọ́n bá múná lọ, okùn Android aládùúgbò tí àwọn oní-iPhone ti ń fẹnu tẹ́ ló ń gbà wọ́n.

Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì ṣe ń bú ara wọn, Google san bílíọ̀nù 20 dọ́là fún Apple ní 2022 nìkan, kí wíwá nǹkan nínú Safari, aṣàwákiri orí iPhone, lè máa gba ọ̀dọ̀ òun kọjá. Ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ni àṣírí náà ti tú.