Àǹtí Elétí-Ọfẹ Dáhùn: Íápíìsì Ni àbí Hẹ́dífóònù Gàgàrà?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí kò kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ohun tí ẹ ń kì bọ etí. Ẹ jẹ́ n ti sọ tèmi ṣáájú: ẹ má sọ fún mi pé torí orin nìkan lẹ ṣe ń rà á. Torí ẹni tí a kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ onítọ̀hún ná, èyí tí ẹ máa rà kò ní í ṣòroó mọ̀.

*Àǹtí wa, mo ti ń tọ́jú owó láti ìgbà Iléyá. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Òkè-Àdó, Micra ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Challenge, òun náà ni mo ń wọ̀ bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mi ò bá tíì lo hẹ́dífóònù ńlá irú èyí tí wọ́n ń lò ní sítúdíò, mi ò tíì gbọ́ fújì rí láyé mi. Ṣé kí n rà á, àbí kí n ra íápíìsì tó dáa? — Ọmọ Fújì, Ìbàdàn.*

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, irú Sennheiser HD 600 tó jáde ní 1997, adùn rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Tó o bá fi fújì sí i, wàá mọ ọwọ́ ibi tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, wàá gbọ́ ìgbà tí onígángan já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ olórin lẹ́nu. Orin náà ò ní há sí ọ lágbárí, torí ẹ̀yìn tó là yẹn ń jẹ́ kí ohùn rí ibi gbà jáde.

Ibi tí ohùn ń gbà jáde náà ni ariwo ń gbà wọlé o! Jẹnẹrétọ̀ alájọgbé rẹ, ọmọ tó ń ké ní yàrá kejì, ìyá tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn ló máa bá ọ gberin. Àwọn náà á sì máa gbọ́ tìrẹ. Tó o bá gbé e wọ Micra, tí wọ́n há ọ mọ́ àárín lẹ́yìn, ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ á ní kó o yí orin yẹn padà, òun kì í ṣe ti olórin yẹn.

Ó tún ku kinní kan. HD 600 yẹn, 300 ohm ni. Ohm ni wọ́n fi ń wọn agídí tí waya inú rẹ̀ ń bá iná ṣe. Ọ̀pọ̀ íápíìsì kò ju 16 tàbí 32 lọ, agbára fóònù lásán sì ká wọn. Ti oní-300, fóònù á ti ti ti, ohùn ò ní í ròkè tó bó ṣe yẹ. Ni wàá bá tún lọ ra ańpilifáyà. Ańpilifáyà á ní òun fẹ́ iná. Iná wo, nílẹ̀ yìí kan náà? Mi ò tíì dé orí ihò íápíìsì lára fóònù o, torí láti ìgbà tí Apple ti yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 ní 2016, àwọn ẹgbẹ́ wọn púpọ̀ náà ti yọ tiwọn.

Ra íápíìsì oníwaya tí ẹnu rẹ̀ bá fóònù rẹ mu. Kò béèrè bátìrì, kò béèrè NEPA. Wo inú páálí rẹ̀ dáadáa: rọ́bà kéékèèké wà níbẹ̀, kékeré, alábọ́dé àti ńlá. Àwa máa ń lo èyí tó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, a ó wá da ìyókù nù pẹ̀lú páálí. Dán gbogbo wọn wò, etí ọ̀tún lè gba ńlá kí tòsì gba alábọ́dé. Bí rọ́bà kò bá dí ihò etí pa, ìlù tó bá rinlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sá lọ, la ó wá máa bú ẹni tó tà á fún wa.

Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Rọ̀ ọ́ kó ra hẹ́dífóònù ńlá náà. Yìn ín dáadáa, ní èèyàn bíi tiẹ̀ ló yẹ. Kí ìwọ máa lọ kí i nílé ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

*Àǹtí, ọkọ mi ra hẹ́dífóònù kan tó bo gbogbo etí pátá. Bí mo bá ti dárúkọ owó ilé ìwé, á gbé e wọ̀. — Ìyá Ìbejì, Agége.*

Ẹ kú ìfaradà, Ìyá Ìbejì. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé hẹ́dífóònù ni. Ẹni tó gbé ìyẹn sórí ti kéde fún gbogbo ilé pé òun ò gbọ́. Oní-íápíìsì lẹ bá bẹ̀rù: á máa mi orí, á ní “òótọ́ lo sọ, ìyàwó mi,” bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù Arsenal ló ń gbọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Tí ọjọ́ ìbí bàálé bá dé, ẹ fi hẹ́dífóònù tuntun ta á lọ́rẹ, àmọ́ ẹ rí i pé oní-ẹ̀yìn-là tí mo sọ fún Ọmọ Fújì ni. Á ṣàdúrà fún yín títí, torí ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́. Kò ní í fura pé gbogbo ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ló ń wọlé tààrà. Tó bá wá ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó parí irọ́ náà kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Irú ẹjọ́ yín yìí ti wà tipẹ́. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Sony sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé nígbà tí òun gbé Walkman relé láti dán an wò, inú ìyàwó òun kò dùn, ó ní ọkọ òun ti ti òun sẹ́yìn. Nígbà tí Walkman náà fi jáde lọ́jà ní 1979, ihò méjì ló wà lára rẹ̀ kí ẹni méjì lè jọ gbọ́, pẹ̀lú bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń tẹ̀ kí orin lọ sílẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Ìyàwó ilé kan ló fajú ro, odidi ilé iṣẹ́ ló lọ lu ihò kejì. Ẹ má fojú kéré ara yín.

*Àǹtí, mo bẹ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba, íápíìsì aláìníwaya mi kan bá já sí gọ́tà. Etí sì ń hó mi lọ́wọ́ alẹ́. — Elétí Kan.*

Ẹran tí a so mọ́ òpó kì í sọnù: ra oníwaya. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, fi sí etí tí ọ̀gá rẹ ń gbà bá ọ sọ̀rọ̀.

Ti etí tó ń hó, mi ò ní í fi ṣeré. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni ìwọ náà ń fi orin bá jà, tó o wá ń yí i sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló tó bí orin bá wà ní 80 decibel. Bó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin péré. Yí i wálẹ̀. Bí híhó náà kò bá lọ, lọ rí dókítà etí.

*Àǹtí, ìnáwó ẹbí wa kù sí dẹ̀dẹ̀, alága ọjọ́ náà sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Hẹ́dífóònù mi kò gba orí gèlè. — Ìyá Ìyàwó Kékeré, Abẹ́òkúta.*

Ẹ má dán an wò rárá. Ọ̀pá rẹ̀ á tẹ gèlè fẹẹrẹ, fóòmù etí rẹ̀ á mú yín làágùn, àtíkè á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Íápíìsì aláìníwaya ni tiyín. Ẹ ní kí wọ́n wé gèlè náà bo etí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, kí ẹ sì fi ẹyọ kan ṣoṣo sí i. Bí àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́, ẹ bá wọn pa á. Bí wọ́n bá ní àmín, kí tiyín ròkè ju tiwọn lọ. Àmọ́ tí àwàdà bá wà nínú ohun tí ẹ ń gbọ́, ẹ pa á títí wọn yóò fi ka orúkọ àwọn olóògbé ẹbí tán. Etí kejì, ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún àwọn tó ń pín ìrẹsì, torí àwọn yẹn kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.