Aṣọ Ni Títì Ń Kí

“Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn.” Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò gun alùpùpù rí. Ká ní wọ́n gùn ún ni, wọn ìbá fi kún un pé aṣọ ni títì ọlọ́dà náà ń kí, kó tó kí awọ ara.

Títì kò sì mọ ẹ̀tọ́ ìkíni. Kì í béèrè iye tí o ra jíǹsì, kì í wo orúkọ tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀. Bí alùpùpù bá gbéni ṣubú lórí eré, tí ilẹ̀ ń wọ́ni lọ, jíǹsì lásán á ti fàya kí èèyàn tó ké “yéè” tán.

Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń rán jíǹsì fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Lóde, bíi jíǹsì gbogbo ayé ló rí. Nínú, àwọn kan fi Kevlar, òwú kan tó le gan-an, tẹ́ ẹ, àwọn mìíràn hun òwú líle mọ́ aṣọ náà gan-an. Wọ́n tún dá àpò sí orúnkún àti ìbàdí fún tìmùtìmù tí yóò gba ìkọlù. Nígbà tí Stephanie Kwolek ṣàwárí òwú Kevlar ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1965, ohun tí yóò fún táyà lókun ni wọ́n ń wá. Òwú táyà wá di olùgbàlà ìdí! Ní Yúróòpù, ìlànà EN 17092 ti pín aṣọ alùpùpù sí ipele: AAA ló le jù, AA tẹ̀ lé e, kí ó tó kan A.

Ẹ wá wo onífáàrí. Á fowó gidi ra á tán, á yọ tìmùtìmù jù sẹ́yìn àpótí, torí ó jẹ́ kí orúnkún òun yọ gọngọ bí orí ahun. Ìkíni ọmọge ló bá lọ. Ti títì kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Kí ará ilé má sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà fi dandan lé akoto ní January 2009, àwọn ọlọ́kadà kan de igbá gbígbẹ mọ́rí. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n múra láti kí. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń ra jíǹsì tí ilé-iṣẹ́ ti fàya lórúnkún, wọ́n ń gbé e gun ọ̀kadà. Wọ́n ti bá títì ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìwọ tí o fẹ́ ra jíǹsì alùpùpù, ka ipele inú rẹ̀ kí o tó wo dígí, kí o sì fi tìmùtìmù sílẹ̀ sípò. Bí owó rẹ kò bá ká a, ra akoto gidi, kí o sì dín eré kù.