Bọ̀ọ̀dá Wọ́n-Ti-Tún-Bà-á-Jẹ́

Láti àdúgbò ọsibítù eegun ní Igbóbì títí wọ inú Ṣómólú, kò sí ilé ìtẹ̀wé tí ẹ kò ní bá a. Ó ń fi ọwọ́ kan to lẹ́tà káàdì ìgbéyàwó lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìkejì tẹ fóònù. Bí WhatsApp bá sún bọ́tìnnì kan ṣoṣo, igbe rẹ̀ á borí ariwo jẹnẹrétọ̀: "Wọ́n ti tún bà á jẹ́!"

Oṣù Kejì ọdún 2017 ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. WhatsApp gbé Status tuntun dé, àwòrán àti fídíò tí í pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, wọ́n sì yọ gbólóhùn ṣókí tí oníkálukú ń kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. "Ọlọ́run ju ọ̀tá lọ" ni tirẹ̀. Ó ní wọ́n jí àdúrà òun. Ká sòótọ́, gbogbo ayé ló pariwo, nígbà tó sì di oṣù Kẹta, wọ́n dá gbólóhùn náà padà. Wàhálà dé! Bọ̀ọ̀dá gbà pé igbe Igbóbì ni àwọn oní-WhatsApp gbọ́ ní Kalifóníà.

Ẹ má bi í léèrè ohun tó dára lára ti àtijọ́ o. Èyí tó ń sunkún rẹ̀ lónìí, òun náà ló bú u nígbà tó dé. Ní oṣù Keje 2023 tí Elon Musk ṣí ẹyẹ Twitter kúrò tó fi X rọ́pò rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ṣọ̀fọ̀ ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹfà 2021 tí ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de Twitter ni kò ti débẹ̀ mọ́.

Lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀ ńkọ́? Ìyá kan wá bá a: "Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ ṣe ṣe káàdì àkọ́bí mi ni kẹ́ ẹ ṣe ti àbúrò ẹ̀."

"Háà, Mọ́mì! Ta ló tún ń ṣe ìyẹn? Ayé ti kúrò níbẹ̀."

Ó sì fowó lé e.

Nígbà tí WhatsApp gbé òfin tuntun lórí ìsọfúnni àwọn tó ń lò ó dé ní oṣù Kìíní 2021, Bọ̀ọ̀dá búra pé ó parí, ó di Telegram. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀rù. Kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ó ti kó kúrò, ó kéde rẹ̀ lórí Status WhatsApp, àràárọ̀ ló sì ń tún un gbé síbẹ̀, torí lẹ́yìn wákàtí 24 ni í pòórá.