Rọ́bà Ṣáà Ni, Yóò Fẹ̀

Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba n'Ìbàdàn, ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò kì í ti máṣìn jìnnà kó tó kan fọkanáísà. Táyà àlòkù tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni wàá kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà bàsíà omi dúdú tí wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò, lẹ́yìn náà pístìnnì ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú, tí wọ́n da epo sí nínú, tí wọ́n ṣáná sí, tí ooru rẹ̀ ń lẹ rọ́bà mọ́ ojú ihò túùbù. Mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn débi pé ọ̀kan nínú wọn lábẹ́ òkè Màpó kì í bi mí mọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Àlàáfíà ìyàwó mi ló máa ń béèrè. Ẹni tó bá rò pé kòtò Ìbàdàn ló kó bá mi kàn ń gbè mí lẹ́yìn ni. Kòtò ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Máṣìn tòkunbọ̀ ni mo rà, irú èyí tó ga fíofío tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà igbó, tí táyà rẹ̀ ní eyín gànnàkù-gannaku tí ń bu ẹrẹ̀ jẹ. Mo nídìí tí mo fi rà á. Ilé wa wà ní Bẹyẹrúnkà, oko wa wà lápá Akánrán, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ agboolé Ìbàdàn tó nílé nígboro tó sì lábúlé lóko. Ọ̀nà oko yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú di. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969, tí Tàfá Adéoyè ń darí wọn láti Akánrán, owó orí ló gba gbogbo ẹnu, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀nà abúlé wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Wọ́n dín owó orí kù. Ní ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ túùbù lọ.

Gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sára táyà. Ti iwájú jẹ́ 2.75-21, ti ẹ̀yìn 4.10-18. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní íǹṣì. Èkejì ni ìwọ̀n ríìmù, láti ibi tí táyà jókòó sí lápá kan dé òdìkejì. Túùbù náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Òmíràn lè bá fífẹ̀ méjì mẹ́ta tó sún mọ́ra mu, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ríìmù gbọ́dọ̀ ṣe gẹ́lẹ́. Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe o: tíṣà ìṣirò ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo 3.14 létí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò ka nọ́ńbà ara táyà mi rí.

Nítorí náà, nígbà tí túùbù ẹ̀yìn gbó, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí wọ́n fún mi ní "túùbù máṣìn." Máṣìn Boxer ló kún ìgboro, 17 sì ni ẹsẹ̀ Boxer níwájú lẹ́yìn, torí náà 3.00-17 ni wọ́n nà sí mi. Mo tilẹ̀ ṣiyèméjì díẹ̀, ó jọ pé ó kéré. Ọmọkùnrin tó ń tajà fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó ní, "Brọ̀dá, rọ́bà ṣáà ni, yóò fẹ̀."

Ó fẹ̀ lóòótọ́. Íǹṣì kan tí 18 fi ju 17 lọ, ẹ fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi sẹ̀ǹtímítà 8 tí túùbù náà ní láti nà yí ríìmù ká. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà, torí rọ́bà lè fara da a. Fífẹ̀ ló burú: túùbù tí wọ́n ṣe fún íǹṣì mẹ́ta ni mo fún ní ilé íǹṣì mẹ́rin àti díẹ̀, ó sì wú kún un, ó wá fẹ́lẹ́ bíi fèrè aláfẹ́fẹ́ tí ọmọdé ń fọn lọ́jọ́ Iléyá. Túùbù tó nípọn dáadáa, bí ìṣó bá gún un, yóò máa jò díẹ̀díẹ̀, èèyàn yóò ráyè dúró. Èyí tó ti nà ré kọjá kì í jò. Ó máa ń ya ni.

Ọjà'ba ló ti ya, láàárín àwọn aláta. Ìró rẹ̀ dún bí ìbọn. Ẹni tó ń sá ń sá, ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, èmi àti máṣìn sì rọra sùn sórí àtẹ ata rodo ìyá kan. Èébú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ọmọ Ìbàdàn nìkan ló lè tú u palẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣa ata náà níkọ̀ọ̀kan. Mo ṣa á. Òógùn ń dà mí lójú, mo sì fi ọwọ́ kan náà nù ún.

Ẹ ó rò pé ojú tó ta mí yóò là. Mo pinnu pé bí kékeré bá bẹ́, ńlá ni oògùn rẹ̀. Mo ra túùbù tó nípọn tó sì fẹ̀ ju táyà lọ, mo fi sukudiréfà tè é wọlé fúnra mi kí n má baà san owó iṣẹ́. Ó ká sí méjì nínú táyà, ibi tó ká ń ha ara rẹ̀, ó gbóná, ó lu. Sukudiréfà náà sì ti bù ú jẹ níbòmíràn kí n tó jáde nílé. Fọkanáísà mi kò sọ̀rọ̀. Ó yọ ọ́, ó fi ìka tọ inú táyà yí po, ó fa ìṣó kan jáde tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo orí sípókù lójú ríìmù, ó ti ya, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n wá 4.10-18 lọ. Nígbà tí mo mú un dé, ó fi páúdà pa á, ó fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó lè dúró roboto, ó tó wá tì í wọlé.

Ká ní mo fi ọwọ́ mi sápò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń gun máṣìn nínú ẹrẹ̀ máa ń dín afẹ́fẹ́ kù kí eyín táyà lè di ilẹ̀ mú. Òótọ́ ni, mo sì dín tèmi náà kù. Ohun tí mi ò gbọ́ ni pé wọ́n ní irin kan tí wọ́n fi ń há táyà mọ́ ríìmù. Láìsí i, ríìmù á máa yí, táyà á dúró, yóò sì fa túùbù dání títí fáàfù yóò fi já ní gbòǹgbò. Fáàfù tó bá ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni àmì rẹ̀. Èmi ti fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ ríìmù pinpin. Kò ráyè tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo gbé lọ sí oko lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọmọ lórúkọ. Ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sórí itan. Nínú ẹrẹ̀ àkọ́kọ́, máṣìn di ẹtu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun ń gbádùn ẹ̀. Nínú ìkejì, a gbọ́ "fìììì." Fáàfù já. Kò sí rọ́bà tó ń lẹ ìyẹn.

Mo ń ti máṣìn, kúlà wà lórí ìjókòó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bú mi. Ó bú bàbá mi, ó rántí pé àbúrò òun ni, ó dá a padà, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ìdílé ìyá mi. Mo rántí John Boyd Dunlop, dókítà ẹran tó fi afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà ní Belfast ní 1888 kí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdùnnú ọmọ lòun ṣe é fún. Ọmọkùnrin kan fi Boxer kọjá, àpò pákí gun àpò pákí lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ kún táyà rẹ̀ dẹ́dẹ́. Ó kí wa. Ó bá wa gbé kúlà lọ.

Fọkanáísà mi gbà mí níyànjú lẹ́yìn èyí. Ó ní tí mo bá ń lọ oko, túùbù 21 ti iwájú ni kí n dì dání, torí bí ẹ̀yìn bá jò, wọ́n lè fi rọ́gbọ́n títí a ó fi délé. 18 kò lè ran iwájú lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rà á. Mo ra pọ́m̀pù. Mo ka gbogbo nọ́ńbà, mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Ìgbà tí ìnáwó oko mìíràn dé, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Bẹẹrẹ, mo ṣàlàyé túùbù fún un látòkè délẹ̀, pẹ̀lú 3.14.

Ó gbọ́ mi tán. Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan tó ń kọjá.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ìṣirò?"

Ọmọ náà ní, "Rárá o, Ìyá."

Ó gùn ún.